Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Ilé Ìdáná

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá kan oúnjẹ ìdílé ní àwọn ìlú ńlá Éṣíà, àlàyé kan náà ni à ń gbọ́. Wọ́n á ní owó ló dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn là, ọ̀fun wọn wá ń fà sí ohun tí òyìnbó ń jẹ. Wọ́n á ní ìyá àgbà ní Tokyo tàbí Seoul a máa se ìrẹsì, ẹja àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ ń ra búrẹ́dì àti adìyẹ díndín nítorí afẹ́ àti ọ̀lẹ. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ti sọ ọ́ di òfin: bí owó ìdílé bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọkà á ṣe máa dínkù nínú oúnjẹ rẹ̀, tí ẹran, òróró àti ṣúgà á sì máa pọ̀. Àwọn mìíràn fi tiwọn kún un pé obìnrin ìsinsìnyí ti kọ ìdáná sílẹ̀. Ìdájọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń já sí: ẹni tí àtọ̀gbẹ bá mú, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Èmi kò gba àlàyé yìí, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn ìlú náà gbà á. Owó kó ipa tirẹ̀, mi ò sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ìdílé tó jókòó ti oúnjẹ, àwọn ẹlòmíràn ti pinnu ohun tó máa wà nínú àwo: ìjọba tó ń wá ibi tí yóò ti ta ọkà tó kún àká rẹ̀, ìjọba mìíràn tí dọ́là kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, oníṣòwò tí wọ́n fún ní àṣẹ láti lọ fúláwà, ọ̀gá tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró di alẹ́, àti onílé tó kọ́ yàrá tí kò sí ààyè sítóòfù nínú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ ká bi léèrè. Ìyàwó ilé ni a ń bi dípò wọn.

Japan ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ebi ń pa orílẹ̀-èdè náà gidigidi. Oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé padà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1946, ìrànwọ́ láti òkè òkun ló gbé e ró, nígbà tó sì yá, búrẹ́dì àti mílíìkì oníyẹ̀fun ni wọ́n ń pín fún wọn. Ní 1954, ìjọba Japan ṣe òfin oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí PL 480. Òfin yìí ló jẹ́ kí Amẹ́ríkà lè ta ọkà tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ fún orílẹ̀-èdè tí kò ní dọ́là, kí wọ́n sì fi owó ilẹ̀ wọn san án. Àlìkámà ti pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ Oregon sì ń wá ọjà kiri. Láti 1956, àwọn bọ́ọ̀sì tí wọ́n to sítóòfù àti ìkòkò sínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ìlú àti abúlé Japan, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń fi fúláwà se oúnjẹ. Owó láti Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ta àlìkámà, ni wọ́n fi ń wa àwọn ọkọ̀ náà. Ní 1958, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Keio, Hayashi Takashi, kọ ìwé kan tó tà gan-an, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé ìrẹsì kì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọdé jí pépé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ilé ìwé ń fi búrẹ́dì bọ́ ọmọ, bọ́ọ̀sì ń kọ́ ìyá rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ń dẹ́rù ba bàbá rẹ̀. Ìrẹsì kò padà sínú oúnjẹ ilé ìwé lábẹ́ àṣẹ ìjọba títí di 1976. Ní 1962, ará Japan kan ń jẹ nǹkan bí 118 kìlógíráàmù ìrẹsì lọ́dún. Lónìí ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 50. Nígbà tó di 2011, ìwádìí ìjọba lórí ìnáwó ìdílé fi hàn pé owó tí wọ́n ná lórí búrẹ́dì ti kọjá èyí tí wọ́n ná lórí ìrẹsì. Ẹni tó bá wo 2011 nìkan á ní ìdílé Japan ló fúnra rẹ̀ yan búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí wọ́n gbé búrẹ́dì fún ní kíláàsì ní 1955 ti di ẹni ọdún 63 ní 2011. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó bi í bóyá ìrẹsì ló wù ú. Ohun tó bá ti mọ́ ènìyàn lẹ́nu láti kékeré ló máa ń rà fún àwọn ọmọ tirẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn: pé Japan lówó gan-an láàárín àkókò yẹn, àti pé bó pẹ́ bó yá wọn ì bá jẹ ẹran, wọn ì bá mu mílíìkì. Òótọ́ ni. Ohun tí owó lè sọ fún wa kò ju pé ẹni tó rí i á fẹ́ jẹ oríṣiríṣi. Kò lè sọ irú èyí tó máa jẹ́. Ó lè jẹ́ ẹja tó dára sí i, ó lè jẹ́ ìrẹsì olówó ńlá, ó lè jẹ́ sóyà àti èso. Tó bá wá jẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n fi àlìkámà òdìkejì òkun ṣe, a ní láti wá ẹni tó kó o wá, ẹni tó dín owó rẹ̀ kù, àti ẹni tó gbé e síwájú ọmọdé.

Ní Kòríà Gúúsù, ipá ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Lábẹ́ ìjọba Ààrẹ Park Chung-hee, ìrẹsì kò tó, dọ́là kò sí, àlìkámà Amẹ́ríkà sì wà nílẹ̀. Ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn máa po ìrẹsì pọ̀ mọ́ ọkà báálì, tàbí kí wọ́n kúkú jẹ oúnjẹ fúláwà. Àwọn olùkọ́ a máa ṣí abọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ wò lọ́sàn-án láti mọ̀ bóyá báálì inú rẹ̀ tó, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá sì di ìrẹsì funfun nìkan fún ti ko ìyọnu. Láti 1969, ilé oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ ta ìrẹsì láti aago 11 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọtí makgeolli, tí ìrẹsì ti ń jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti ayébáyé, di ohun tí wọ́n ń fi fúláwà pọn láti àárín àwọn ọdún 1960, torí òfin ti ka ìrẹsì léèwọ̀ nínú rẹ̀. Inú àsìkò yìí náà, ní 1963, ni ilé iṣẹ́ Samyang gbé ramyeon, ìyẹn núdù àsèkíákíá, jáde, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tí wọ́n gbà láti Japan. Ìgbà tí irúgbìn ìrẹsì tuntun tí wọ́n ń pè ní Tongil so wọ̀ǹtìwọnti, tí ìrẹsì ilẹ̀ náà tó jẹ ní 1977, ni wọ́n tó dẹwọ́. Ọmọ tí wọ́n yẹ abọ́ rẹ̀ wò ní kíláàsì kìn-ín-ní ti di géńdé nígbà yẹn. Ní 1970, ará Kòríà kan ń jẹ ìrẹsì kìlógíráàmù 136 lọ́dún. Ní 2023, kò ju 56 lọ. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ òfin àti tíṣà ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀.

Kòríà yìí kan náà ló sì tú òfin àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ká. Barry Popkin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyípadà oúnjẹ láyé, kọ ìwádìí kan pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ará Kòríà ní ọdún 2000. Wọ́n rí i pé ọ̀rá inú oúnjẹ Kòríà kéré, ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀, ju bó ṣe yẹ kó rí ní orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n rí kò ṣòro láti lóye: nígbà tó yá, àjọ ìjọba kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tó ń lọ bá àwọn obìnrin ní àdúgbò wọn, tí wọ́n ń kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ṣe kimchi, ìyẹn ẹ̀fọ́ tí wọ́n jẹ́ kó kan, àti bí a ṣe ń se ìrẹsì àti oúnjẹ sóyà, àwọn onímọ̀ oúnjẹ sì ń polongo oúnjẹ ilẹ̀ wọn. Ọwọ́ ìjọba tó ti ènìyàn sídìí fúláwà tẹ́lẹ̀ náà ló tún fà wọ́n padà sídìí ẹ̀fọ́. Ìdílé Seoul tó lówó ní ìlọ́po-ìlọ́po ju bàbá ńlá rẹ̀ lọ ṣì ń jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀. Níbo ni òfin ọrọ̀ ajé wà nínú ìyẹn?

Àwọn ará Seoul gan-an mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni oúnjẹ. Ní oṣù Kẹjọ 2011, olórí ìlú wọn, Oh Se-hoon, pe ìdìbò kí wọ́n má baà fún gbogbo ọmọ ilé ìwé ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó jáde wá dìbò kò tó iye tí òfin fẹ́, ó sì fi ipò sílẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ náà dúró.

Indonéṣíà ló kàn wá jù níhìn-ín, torí ohun tí wọ́n sè níbẹ̀ ti wọ ilé wa. Ilẹ̀ ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ságò ni Indonéṣíà. Àlìkámà kì í ṣe ọ̀gbìn wọn rárá. Síbẹ̀, ní 1971, ilé ìlọ-fúláwà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Bogasari bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní èbúté Tanjung Priok ní Jakarta. Liem Sioe Liong, oníṣòwò tó jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ààrẹ Suharto, ló wà nídìí rẹ̀. Bulog, àjọ ìjọba, nìkan ló ní àṣẹ láti kó àlìkámà wọlé, ìjọba ló sì ń mú kí owó fúláwà rọlẹ̀. Ní 1972, núdù Indomie jáde, nígbà tó sì yá, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Liem kan náà. Ìgbà tí owó ilẹ̀ náà dojú dé, tí Suharto sì kúrò lórí oyè ní 1998, ni àṣẹ ẹyọ kan yìí tó parí. Nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Lónìí, àwọn ará Indonéṣíà ń jẹ nǹkan bíi bílíọ̀nù 14 ọ̀rá núdù lọ́dún, Ṣáínà nìkan ló jù wọ́n lọ, orílẹ̀-èdè tí kì í gbin àlìkámà yìí sì ń kó ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá tọ́ọ̀nù rẹ̀ wọlé láàárín ọdún kan.

Ta ló ń jẹ núdù yìí jù? Tó bá jẹ́ pé ọrọ̀ ló ń fa ìyípadà oúnjẹ, àwọn olówó ló yẹ ká bá nídìí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá àyágbé ni, nígbà tí oṣù bá ń lọ sópin tí owó bàbá rẹ̀ kò tíì dé. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ni, tó wọlé lálẹ́ tí ó rẹ̀ ẹ́. Owó tí kò tó ló jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, àtijẹ sì ni, kì í ṣe afẹ́.

Ní Nàìjíríà, a mọ èyí tó ṣẹ́kù nínú ìtàn náà. Indomie dé ọjà wa ní 1988, ní 1995 wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà. Kò pẹ́ tó fi di Indómì lẹ́nu gbogbo wa, yálà ilé iṣẹ́ yẹn ló ṣe é tàbí òmíràn. Ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan àwọn ìyá ní Jakarta náà ni à ń gbọ́ ní Ìbàdàn àti Èkó: pé ìyá ọmọ ya ọ̀lẹ ló ṣe ń fi Indómì rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò bi ara rẹ̀ léèrè iye tí ẹ̀wà ń jẹ́ lọ́jà, iye wákàtí tí yóò fi jinná, àti iye tí kẹrosíìnì tàbí gáàsì tí yóò fi sè é ti di.

Ohun kan tún wà ní Indonéṣíà tó yẹ kó pa àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀fun lẹ́nu mọ́. Tempe, sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n jẹ́ kó dì mọ́ra, jẹ́ oúnjẹ Java láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Tálákà ń jẹ ẹ́, olówó ń jẹ ẹ́, títí di òní. Ọ̀fun kankan kò yí padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú sóyà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń ti Amẹ́ríkà wá, torí ìjọba ṣílẹ̀kùn fún sóyà olówó pọ́ọ́kú lẹ́yìn 1998, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ náà kò sì lè bá a díje. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2008, nígbà tí owó sóyà gbéra lọ́jà àgbáyé, àwọn tó ń ṣe tempe rọ́ jáde sí ìgboro Jakarta láti fi ẹ̀hónú hàn. Oúnjẹ ìbílẹ̀ gan-an ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́, láìjẹ́ pé ìyàwó ilé kan ṣẹ̀.

Òróró tí wọ́n fi ń dín nǹkan ní Éṣíà náà ní ìtàn, igi ilẹ̀ wa ló sì ti ṣẹ̀. Ní 1848, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin, irú èyí tó ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀, sínú ọgbà ìjọba ní Bogor ní Java. Lónìí, Indonéṣíà àti Màléṣíà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú epo ọ̀pẹ ayé. Íńdíà, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń fi òróró músítádì, ẹ̀pà tàbí àgbọn dáná láti ọjọ́ pípẹ́, ṣí ẹnubodè rẹ̀ fún epo ọ̀pẹ ní 1994, ó sì di ẹni tó ń kó o wọlé jù láyé. Owó epo náà wálẹ̀, ó sì wọ inú bísíkíìtì, ìpápánu, àti ìkòkò àwọn olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 101 ènìyàn ló ní àtọ̀gbẹ ní Íńdíà. Mi ò ní kí epo nìkan gbé ẹ̀bi náà. Mo ní kí ẹni tó ń wàásù fún aláìsàn kọ́kọ́ ka òfin owó ibodè.

Ti Ṣáínà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n máa ń fi ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín KFC tó ṣí nítòsí Qianmen ní Beijing ní 1987 ṣe ẹ̀rí pé òyìnbó ti gba ẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ará Ṣáínà ń jẹ jù nínú ẹran, oúnjẹ baba ńlá wọn sì ni. Láti 1955 títí di 1993, ará ìlú kò lè ra ọkà láìní tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì wà nínú èyí tí ẹran àti òróró náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn. Nígbà tí wọ́n tú ènìyàn sílẹ̀, ohun tó ti ń wù wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n jẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, torí ibẹ̀ ni ìwà ìrẹ́jẹ náà ti dùn mí jù. Ìjọba Íńdíà ka bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo wákàtí wọn ní 2019. Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ń lo ìṣẹ́jú 299 lóòjọ́ lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó bá ń ṣe é ń lo 97. Obìnrin tí wọ́n ní ó ti kọ ìdáná sílẹ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ ilé fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ní àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Ṣáínà, wọ́n sọ iṣẹ́ láti aago 9 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, di àṣà, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi sọ ọ́ ní oṣù Kẹjọ 2021 pé kò bófin mu. Tọkọtaya tó dé ilé ní aago 10 alẹ́ kò ní lọ gé ẹ̀fọ́. Wọ́n á fi fóònù pe ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri. Tí wọ́n bá wá ní oúnjẹ náà ní òróró jù, iyọ̀ jù, ẹ lọ bá ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́.

Ilé náà ńkọ́? Ní Bangkok, ọ̀pọ̀ yàrá tí òṣìṣẹ́ ń háyà kò ní ilé ìdáná. Láti ọjọ́ pípẹ́, olóúnjẹ ẹ̀bá títì ni ilé ìdáná wọn: ènìyàn á ra ọbẹ̀, ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì sínú lailọ́ọ̀nù, á gbé e délé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní 2014, ìjọba ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn olóúnjẹ kúrò ní ọ̀pọ̀ òpópónà, wọ́n ní kí ọ̀nà lè mọ́. Ṣọ́ọ̀bù 7-Eleven ti lé ní 14,000 ní Thailand lónìí, ìpápánu inú ọ̀rá kò sì wọ́n nínú wọn. Singapore gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn náà ní olóúnjẹ rẹpẹtẹ ní ẹ̀bá títì ní àwọn ọdún 1960, àmọ́ ìjọba kọ́ ọjà oúnjẹ tó ní omi ẹ̀rọ fún wọn, nígbà tó sì fi máa di 1986, wọ́n ti kó wọn wọ ibẹ̀ tán. Ní 2020, UNESCO kọ àṣà náà sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún aráyé. Ìdílé Singapore tí kì í dáná lójoojúmọ́ ṣì ń rí ìrẹsì, ẹja àti ẹ̀fọ́ tí ènìyàn fọwọ́ sè jẹ nítòsí ilé rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lọ́ọ́fíìsì wà ní ìlú méjèèjì.

Àwọn kan á ní mò ń sọ ará ìlú di ẹni tí kò ní làákàyè, bí ẹni pé wọn kò lè yàn. Wọ́n ń yàn. Ìyá ní Surabaya tó fọ́ ẹyin sínú núdù, tó rẹ́ ẹ̀fọ́ sí i, tó gún ata sí i, ń yàn. Àwọn ará Kòríà tó fi fúláwà tí wọ́n fi tipátipá fún wọn ṣe tteokbokki, tó wá di oúnjẹ ìfẹ́ gbogbo ọmọ ilé ìwé, yàn, wọ́n sì yàn dáadáa. Ṣùgbọ́n inú ohun tó dé ọjà ni wọ́n ti ń yàn, láàárín wákàtí tí wọ́n ní, lórí sítóòfù tí wọ́n ní tàbí tí wọn kò ní. Ẹni tó bá fojú fo gbogbo ìyẹn, tó wá ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò jẹ bíi ti ìyá àgbà, dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn sínú yàrá tó wá ń bínú pé kò jáde.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyí: ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kìn-ín-ní 2025, ìjọba Prabowo Subianto bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé ìwé àti aboyún ní Indonéṣíà, wọ́n sì fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 80 lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti ṣàìsàn nítorí oúnjẹ tí kò mọ́, èyí sì burú tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tóbi jù ni ohun tí wọ́n ń bù fún wọn. Ó lè jẹ́ ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, ẹja, ẹ̀fọ́, àti tempe tí wọ́n fi sóyà tí wọ́n gbìn ní Java ṣe, tí ìjọba á sì ra lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tó dára. Ó sì lè jẹ́ búrẹ́dì, bísíkíìtì àti mílíìkì aládùn inú páálí, torí ìyẹn rọrùn láti kó, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì mọ ọ̀nà ọ́fíìsì mínísítà. Kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n yàn sílẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i àti iye tí wọ́n san. Ní ọdún 2060, nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń ka ohun tí ìdílé Jakarta ń jẹ, ìwé yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí.